Mo ti ẹ̀wọ̀n dé: ta ló máa dúró fún mi, ta ló máa fún mi ní yàrá?

Ajórin_Ìkòròdú:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti kún mi nínú.

Iṣẹ́ jórinjórin ni mo kọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi l'Ágége, mo gba fríídọ̀mù, mo sì dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Géètì, bọ́gúlárì, ìdúró táǹkì omi, ohun tí mo ń ṣe nìyẹn. Lóṣù kẹjọ ọdún 2021, ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ lójú gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá bá mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ń rìnrìn àjò, kí n mú 85,000 wá. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo mọ̀ pé ó ti pọ́ọ́kú jù. Ṣùgbọ́n iná ò sí, géètì oníbàárà mẹ́ta wà nílẹ̀ tí mo ti gba owó rẹ̀, mo bá rà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọlọ́pàá fi dé. Ọmọ yẹn wà nínú ọkọ̀ wọn, ó kàn na ìka sí mi ni.

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo lò lọ́gbà ẹ̀wọ̀n kí ẹjọ́ tó ní orí. Wọ́n fún mi ní béèlì o, àmọ́ onídùúró méjì tí wọ́n ní kí n mú wá, tí ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, mi ò rí. Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ fún mi pé tí mo bá ti lè gbà pé mo jẹ̀bi, wọ́n á ka ọjọ́ tí mo ti lò mọ́ ọn, màá sì tètè lọlé. Mo gbà. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n dá fún mi, wọ́n kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi, ó wá ku oṣù mẹ́rin péré. Ẹ ò rí i bí inú mi ṣe dùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé gbólóhùn kan tí mo sọ yẹn ni màá máa gbé kiri bí ẹrù.

Láti ìgbà tí mo ti jáde ní 2023, iṣẹ́ bí-ó-bá-rí ni mo ń ṣe. Loṣù tó kọjá, mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan tó ń tún kọ́ńtánà ṣe ń wá ajórin. Mo lọ. Wọ́n ní kí n jó irin méjì pọ̀ lójú wọn. Ọ̀gá wọn gbá a ní òòlù lẹ́ẹ̀mẹta, kò là. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tí mo jó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ ẹ mọ́." Ẹ̀yin ará, ó pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ irú ẹ̀ fún mi.

Wọ́n wá ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù. Ojú ìwé kejì: Ṣé ilé ẹjọ́ ti dá ọ lẹ́bi rí? Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo mú bírò dání títí. Ọmọbìnrin tó jókòó nínú ọ́fíìsì náà wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé kí n bá yín kọ ọ́ ni?" Ó rò pé mi ò mọ̀wé. Mo ní rárá, màá lọ kọ ọ́ nílé. Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà ni ti gáráńtọ̀, ẹni méjì, fọ́tò wọn, káàdì ìdánimọ̀ wọn, ìwé láti ibi iṣẹ́ wọn. Fọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di òní.

Ti ilé ńkọ́? Yàrá kan ṣoṣo, 150,000 lọ́dún. Mo san án, mo san 60,000 ti àgíríméǹtì àti kọmíṣọ́n. Mo ti ra bébà àti búrọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́ fi ọ̀dà kun ún. Ọjọ́ kẹta, éjẹ́ǹtì pè mí, ó ní onílé ní kí n wá gba owó mi, pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọbẹ̀. Irọ́ ni. Ẹnì kan ládùúgbò ló dá mi mọ̀. Wọ́n dá 150,000 padà, 60,000 di àwátì.

Pálọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo ń sùn. Ọkọ rẹ̀ kì í bá mi jà, kò sọ nǹkan kan rí. Àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn yàrá wọn ní kọ́kọ́rọ́ tó bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Ìbéèrè mi: tí mo bá kọ "Bẹ́ẹ̀ kọ́" sínú fọ́ọ̀mù yẹn, ṣé wọ́n lè mọ̀? Kí ni kí n sì máa wí fún onílé?

---

Ọmọ_Mushin:

Kọ "Bẹ́ẹ̀ kọ́" jàre. Nàìjíríà yìí náà kọ́? Ta ló ráyè lọ wádìí ẹ? Àwọn tó kó owó ìlú ń du ipò, ìwọ ń ronú nítorí jẹnẹrétọ̀.

---

Bàbá_Wọ́dà:

Àbúrò, o kú ewu. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ wọ́dà kí n tó fẹ̀yìntì. Mo ti rí ẹni tó jáde tó sì padà wọlé láàárín oṣù kan, mo sì ti rí ẹni tó jáde tó wá di ẹni tó ń kọ́lé.

Má gbọ́ ti Ọmọ Mushin. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í wádìí kọjá gáráńtọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní ACJA, tí wọ́n ṣe ní 2015, ní kí ọlọ́pàá ní ojúkò kan tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ọ̀ràn jọ sí, kí ìdájọ́ sì máa dé ibẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ilé iṣẹ́ yẹn bá ní kí o lọ gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, èyí tí àwọn tó ń wá físà náà máa ń gbà, ìka rẹ ni wọ́n máa tẹ̀, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó wà ní Alágbọn n'Íkòyí ni wọ́n sì ti máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. O lè parọ́ pẹ̀lú bírò, o ò lè fi ìka parọ́.

Kódà kí wọ́n má béèrè ìyẹn, rò ó wò: bí wáyà bá sọnù níbẹ̀ lọ́la, tí ẹnì kan sì wá sọ fún ọ̀gá pé ẹlẹ́wọ̀n tẹ́lẹ̀ ni ọ́, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú? Àwọn méjì tó fọwọ́ sí ìwé fún ọ ni wọ́n á sì lọ gbé tẹ̀ lé e. Kò dáa kí ènìyàn fi irọ́ mú ẹlòmíì wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni èyí. Òfin tó yí orúkọ iṣẹ́ wa padà ní 2019, tó sọ Prisons di Correctional, ní ọ̀rọ̀ kan nínú tí àwa gan-an kì í sábà sọ fún ẹlẹ́wọ̀n. Ẹni tó bá hùwà dáadáa, tí wọ́n sì rí i pé ó yẹ kó padà sáàárín ìlú, ìwé ẹ̀rí ìwà rere tọ́ sí i lọ́jọ́ tó bá ń jáde. Ẹni tó bá sì ti gba ìwé yẹn, òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà á sọ́tọ̀ nítorí pé ó ṣẹ̀wọ̀n. Ṣé wọ́n fún ọ? Ó dá mi lójú pé o ò béèrè. Padà lọ. Má dúró lọ́dọ̀ àwọn ẹnu géètì, àwọn wẹ́fíà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n, ni kí o béèrè. Mú ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ dání. Tó o bá kúrò níbẹ̀, lọ sí kóòtù, kí wọ́n fún ọ ní ẹ̀dà ìdájọ́ rẹ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ẹni tó bá ka ìdájọ́ yẹn á rí i pé jẹnẹrétọ̀ kan lo rà, pé o ò gbé ìbọn. Bí kò bá sí ìwé yẹn, àròsọ ni wọ́n máa fi kún àlàfo náà, àròsọ àwọn ará àdúgbò kì í sì í kéré.

---

Màmá_Ìbejì:

Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ dárí jì mí pé mo ń já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Ọmọ mi lo ọdún méjì lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ẹjọ́ ò tíì parí, ni ìjọba bá jáwọ́ nínú ẹ̀, kóòtù sì tú u sílẹ̀. Tí wọ́n bá bi òun náà ní irú ìbéèrè yìí, kí ni kó kọ?

---

Bàbá_Wọ́dà:

Màmá, "Bẹ́ẹ̀ kọ́" ni kó kọ, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè ni bóyá ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí. Wọn ò dá ọmọ yín lẹ́bi. Òfin orílẹ̀-èdè yìí, ẹsẹ̀ 36, ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé ẹjọ́ á fi sọ pé ó jẹ̀bi. Ẹ̀yin náà ẹ lọ gba ìwé tí kóòtù fi tú u sílẹ̀, kí ẹ ṣe fọ́tòkópì ẹ̀ márùn-ún. Ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà lọ ni wọn ò tíì gba ìdájọ́ kankan, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jáde, orúkọ kan náà ni ìlú ń pè wọ́n.

---

Ìyá_Onílé:

Èmi ni onílé, n ó sọ tèmi, kí ẹ má bú mi. Yàrá mẹ́jọ ni mo ní n'Íkòròdú níbí, ọkọ mi ló kọ́ ọ kó tó kú, òun ni mo sì ń jẹ.

Ọmọ mi, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tó o lọ là ń bẹ̀rù. Èyí tó ń bọ̀ là ń bẹ̀rù. Lọ́dún kan, wọ́n wá mú ayálégbé mi kan, ọmọ onígíláàsì dúdú, ẹni tí mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n bi mí pé ta ló mú un wá, mi ò rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo sun àgọ́ ọlọ́pàá mọ́jú, èmi arúgbó, lórí bẹ́ǹṣì. Láti ọjọ́ náà, tí ènìyàn bá wá gba yàrá, kì í ṣe owó ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ta ló mọ̀ ọ́n? Tí wọ́n bá bi mí, orúkọ ta ni màá dá?

Éjẹ́ǹtì ò lè dáhùn ìyẹn fún ọ. Éjẹ́ǹtì ń wá owó rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tún pọ́ọ̀ǹpù omi mi ṣe nísinsìnyí, ẹ̀wọ̀n lòun náà ti dé, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Ìmáàmù mọ́ṣáláṣí wa ló mú un wá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n ní, "Ìyá, ohun tọ́mọ yìí ṣe nìyí, ohun tójú rẹ̀ rí nìyí, èmi ni kẹ́ ẹ wá bi." Mo ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀ wá. Ká ní ìta ni mo ti gbọ́ ọ ni, màá ti lé e jáde, torí màá ti sọ pé kí ló tún ń fi pamọ́.

Nípa 60,000 rẹ, padà lọ bá éjẹ́ǹtì yẹn. Iṣẹ́ wo ló ṣe tó fi gba kọmíṣọ́n? Yàrá tí o ò sùn mọ́jú níbẹ̀! Mú ẹnì kan dání tó lè sọ̀rọ̀. Bí ẹlòmíì bá sì tún fẹ́ gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ torí ó mọ̀ pé o ò níbi tó o máa lọ, sọ fún un pé òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ò gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin yẹn ò sọ pé dandan ni kí n gbà ọ́ sílé o, mi ò ní tàn ọ́.

---

Ṣíjú_Kápẹ́ńtà:

Arákùnrin, ẹ̀yìn ọgbà lèmi náà ti wá. Ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì. Inú níbẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, torí mi ò fẹ́ máa ka òrùlé.

Fọ́ọ̀mù yẹn kọ́ ló dè ọ́ mọ́lẹ̀, gáráńtọ̀ ni. Wò ó dáadáa: àìrí onídùúró ló fi ọ́ sẹ́wọ̀n fún oṣù mẹ́rìnlá, òun náà ló wà nídìí fọ́ọ̀mù, òun náà ni Ìyá Onílé ń sọ yìí. Èmi ò rí ẹni dúró fún mi nígbà tí mo jáde. Ilé búlọ́ọ̀kù ni mo lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti bi mí lórúkọ bàbá mi. Mo ń ru búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń san owó ojúmọ́. Oṣù kejì, àga ọ̀gá ibẹ̀ kán, mo bá a tún un ṣe. Ó tún gbé tábìlì wá. Lóṣù karùn-ún ni mo sọ fún un, èmi fúnra mi, níbi tá a ti ń jẹ ẹ̀bà. Ó dákẹ́, ó jẹun tán, ó fọ ọwọ́. Ó ní, "Ṣé wàá lè ṣe ilẹ̀kùn?" Òun ló dúró fún mi lọ́dọ̀ onílé mi, òun náà ló dúró fún mi nígbà tí mo ra ẹ̀rọ ìfági lówó díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè kan ni mo ní fún ọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ l'Ágége, ibo ló wà? Ọdún mẹ́rin lo lò lábẹ́ rẹ̀. Kí ló dé tí o ò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì?

---

Tóbi_Peckham:

Ẹ kú alẹ́ o. Lọ́dọ̀ wa n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin kan wà láti 1974 tó ń jẹ́ kí ẹ̀bi di ohun àtijọ́. Bí wọ́n ṣe tún un ṣe lóṣù kẹwàá 2023, ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ, tó bá ti pé ọdún kan lẹ́yìn tí ìjìyà rẹ̀ parí láìtún ṣẹ̀, òfin gbà ọ́ láyè kí o dáhùn "Bẹ́ẹ̀ kọ́" fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Tó bá jẹ́ láàárín ọdún kan sí mẹ́rin, ọdún mẹ́rin ni wàá dúró.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má rò pé ọ̀run ni ibí. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, ìtọ́jú arúgbó, ilé ìwòsàn, ilé ìwé, ìwé àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, ohun tó ti di àtijọ́ sì lè jáde nínú ẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, tó bá gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan ó kéré tán, òfin 2007 tún ní kí wọ́n dá a padà sílé, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ṣé òfin bíi ti 1974 yẹn wà ní Nàìjíríà?

---

Bàbá_Wọ́dà:

Kò sí, ọmọ mi. Fún àgbàlagbà tí wọ́n ti dá lẹ́bi, ìdáríjì gómìnà tàbí ti ààrẹ ni a mọ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jókòó dè. Ohun tó tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òfin orílẹ̀-èdè yìí ka ọdún mẹ́wàá fún ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí jìbìtì tó sì fẹ́ du ipò aṣòfin, lẹ́yìn ìyẹn ó lè gbé àpótí. Wọ́n bá olóṣèlú ka ọdún, wọn ò bá ajórin ka tirẹ̀.

---

Ajórin_Ìkòròdú:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó dáhùn.

Bọ̀dá Ṣíjú, ọ̀rọ̀ yín ló gún mi jù. Mi ò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi láti ìgbà tí mo ti jáde. Ojú ló ń tì mí. Ọjọ́ tí mo gba fríídọ̀mù, ohun tó sọ létí gbogbo ènìyàn ni pé n kò jí ìdabú irin kan rí lọ́dọ̀ òun. Báwo ni màá ṣe lọ dúró síwájú rẹ̀?

Mo lọ lánàá. Ó ń jó ìdè géètì kan, ó fi ìbòjú bojú, kò rí mi. Mo dúró títí ó fi jó o tán. Ó ṣí ìbòjú, ó wò mí, kò kí mi. Ó ní, "Bá mi di igun yẹn mú." Mo dì í mú. A jó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú ẹ̀ ló wá béèrè pé, "Èló lo ra jẹnẹrétọ̀ yẹn?"

Mo ní 85,000.

Ó ní, "O mọ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀, sà."

Ó ní kí n mú fọ́ọ̀mù náà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun ò ní fọ́tò nílẹ̀, òun á lọ yà. Fún ẹnì kejì, ó ní òun máa bá àbúrò òun tó ń ṣiṣẹ́ ní kánsù sọ̀rọ̀, àmọ́ kí n má tíì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó sì ní tí mo bá kọ irọ́ kankan sínú ẹ̀, òun ò ní fọwọ́ sí i. Nítorí náà "Bẹ́ẹ̀ ni" ni màá kọ, màá so ẹ̀dà ìdájọ́ mọ́ ọn bí bàbá ṣe wí. Bóyá ilé iṣẹ́ náà á gbà mí, bóyá wọ́n ti mú ẹlòmíì.

Ti yàrá, Ìyá Onílé, mo gbọ́. Màá kọ́kọ́ lọ gba 60,000 mi.

Bàbá, ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́fíà tẹ́ ẹ sọ yẹn, ṣé ọjọ́ kan pàtó wà tí mo lè lọ?

---

Bàbá_Wọ́dà:

Ọjọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí, kí o tètè débẹ̀ láàárọ̀. Fi fóònù sílẹ̀ nílé, kí o má sì wọ ṣòkòtò péńpé.